Ojú Tó Kọ́kọ́ Rí Dòjé Nínú Ẹ̀jẹ̀

Bí a bá ń ka àwọn ìlú tí ìtàn ìṣègùn kò lè gbàgbé láéláé, a kò ní fi Chicago sẹ́yìn, ìlú ńlá etí adágún Michigan, ìlú tí afẹ́fẹ́ fi ṣe ilé. Nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rí lára ẹni tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di àbíkú lójú òbí wọn.

Ní ìparí ọdún 1904, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti erékùṣù Grenada, Walter Clement Noel, ẹni tí ó wá kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín, gbé ikọ́ àti ibà wọ ilé ìwòsàn Presbyterian. Ernest Irons, dókítà ọ̀dọ́ tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́, gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, ó gbé e sábẹ́ máíkírósíkópù, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó yẹ kí ó rí róbótó ti gùn gbọọrọ, wọ́n sì tẹ̀ bí dòjé. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, kò kánjú. Ọdún 1910 ni ó tó kọ ọ̀rọ̀ náà jáde. Noel ti padà sílé lọ tọ́jú eyín àwọn ará ìlú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1916, lẹ́ni ọdún 32.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ọwọ́ tí ó tẹ ikùn aláìsàn àti etí tí ó gbọ́ àyà rẹ̀ kò rí àṣírí náà, ojú tí ó farabalẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ ni ó rí i.

Ìlú Chicago yìí kan náà ni Bernard Fantus ti dá báńkì ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Cook County Hospital ní oṣù Kẹta ọdún 1937, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń po oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ ọn nínú ìgò, wọ́n sì ń gbé e sínú òtútù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń yẹ irú ẹ̀jẹ̀ wò bá ṣèèṣì, ìgò tí ó yẹ kí ó gbẹ̀mí là a di ìgò ikú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Odùduwà tí ẹ wà nílé ẹ̀kọ́, nílé àti lókè òkun, bí àwọn òbí yín bá ń pariwo dókítà àti lọ́yà, ẹ má fojú tín-ínrín iṣẹ́ láàbù. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde tó Nàìjíríà. Ó yẹ kí àwọn tí yóò máa wá a rí nínú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ láàrin wa.