Ṣómólú, Shomolu tàbí Somolu? Ọgbọ́n Àpérò Nínú Ìtàn Àkọtọ́ Yorùbá

Inú ìpàdé àwọn onílé kan ní Bàrígà ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti bẹ̀rẹ̀. A fẹ́ ri pátákó tuntun mọ́ ẹnu ọ̀nà àdúgbò, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yóò sì wà lórí rẹ̀. Bàbá kan ní "Shomolu" ni kí a kọ. Olùkọ́ kan ní rárá, "Ṣómólú" ni àwọn ọmọ ń kọ́ nílé ìwé. Ẹlòmíràn ní "Somolu" lásán ti tó. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè wá dìde, mo sì sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí n ó fi jókòó, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìpàdé tú ká láìsí ìpinnu.

Bí mo ṣe ń darí lọ sílé ni mo rí i pé èmi ni mo ba ìpàdé náà jẹ́. Mo mọ ìtàn àkọtọ́ wa dáadáa, ṣùgbọ́n n kò fi ọgbọ́n inú rẹ̀ ṣe ìwà hù. Àpérò ni ó bí àkọtọ́ tí a ń lò. Kì í ṣe àṣẹ ọ̀mọ̀wé kan.

Ìtàn náà kò jìnnà sí Bàrígà. Ibẹ̀ ni CMS Grammar School wà, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà, ọdún 1859, tó sì kó wá sí Bàrígà ní 1959. Ọ̀gá àkọ́kọ́ rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ni ó fẹ́ Abigail, ọmọ Samuel Àjàyí Crowther. Crowther yìí ni ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tó sì tẹ ìwé gírámà jáde ní 1852. Àwọn míṣọ́nnárì mìíràn náà ní èrò tiwọn. Lepsius, onímọ̀ èdè ará Jámánì, náà ti ṣe ètò lẹ́tà kan ní àárín ọdún 1850 sí 1860, èyí tó fẹ́ kí gbogbo èdè ayé lè lò. Ohun tó yẹ kí ó wà lábẹ́ e, o àti s di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn.

Ní ọjọ́ 28 àti 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1875, àwọn CMS pe àpérò kan sí Èkó láti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ méjì péré ni. Ṣùgbọ́n ìlànà tó ti ibẹ̀ jáde ni a fi ń tẹ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún. Bíbélì Yorùbá odindi sì parí ní 1884. Àpérò tó kẹ́sẹ járí ni èyí tí àwọn èèyàn ń lo ìpinnu rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti dìde níbẹ̀.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àléébù fara hàn. À ń kọ "aiye", "ẹiyẹ", "enia" àti "nwọn", bẹ́ẹ̀ ẹnu wa kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ní 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé kan jáde tó gbé àkọtọ́ àtijọ́ yẹ̀ wò, tó sì dá àbá àtúnṣe. Ní 1966, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà yan ìgbìmọ̀ àkọtọ́, àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà sì jáde ní 1969. Ọdún 1974 ni Joint Consultative Committee on Education tó fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní fún gbogbo Nàìjíríà. Ẹ wò ó: ẹni tó ní èrò kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn tó kù sì ní sùúrù fún ọdún mẹ́jọ.

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nìkan kọ́ ló sì borí. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, ìró fáwẹ̀lì kan náà ni ó parí "ìbọn" àti "ìtàn", síbẹ̀ "ọn" àti "an" ni a ń kọ. "Kp" ni ìró "p" wa gan-an, síbẹ̀ "p" ni a fi sílẹ̀. Ohun tó ti mọ́ òǹkàwé lójú náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nínú àpérò.

Ṣùgbọ́n a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àṣẹ ìgbìmọ̀ Nàìjíríà kò kọjá ẹnu ibodè. Ní Benin, àwọn Yorùbá ní àkọtọ́ tiwọn tí ìjọba ibẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1975: "ɛ", "ɔ", "sh" àti "kp". Ìdí nìyí tí ọmọ Kétu àti ọmọ Ìbàdàn fi ń sọ èdè kan náà, tí ìwé wọn kò sì dọ́gba títí di òní.

Ní ìpàdé wa kejì, mo béèrè kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ Shomolu?" Bàbá ní ohun tó wà nínú ìwé ilẹ̀ àwọn nìyẹn, bí pátákó bá yàtọ̀ sí ìwé, ta ni yóò gba àwọn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé? Ohun tí ogún ìṣẹ́jú mi kò kàn rárá nìyẹn. A fẹnu kò pé kí "Ṣómólú" wà lókè gàdàgbà, kí "Shomolu" sì wà lábẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kà á sí wa létí kí a tó dìde.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún jókòó sí àpérò, ẹ gbé ẹ̀rí lọ, ẹ gbé etí lọ pẹ̀lú. Ire o.