Èṣù Inú Bíbélì àti Èṣù Láàróyè

Nínú Ìwé Ìyìn Rere Jòhánù, orí kẹfà, ẹsẹ àádọ́rin, Jésù sọ fún àwọn méjìlá tí ó yàn pé Èṣù ni ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá dá ẹsẹ yìí nìkan kà, tí ó sì mọ oríkì Èṣù, yóò béèrè pé kí ni Láàróyè ń wá láàrin àwọn ọmọ-ẹ̀yìn. Ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e gan-an ni ó dáhùn: Júdásì Ìskáríọ́tù ni ọ̀rọ̀ ń bá wí, nítorí òun ni yóò da Olúwa rẹ̀. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni a ń sọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òrìṣà kọ́.

Báwo wá ni orúkọ Èṣù ṣe débẹ̀? Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, ni ó ṣíwájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Odindi Bíbélì di títẹ̀ ní 1884. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n bá pàdé nínú Jòhánù ni diabolos, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ wá jẹ́ ẹni tí ń ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó wà nínú Tímótì Kìn-ín-ní, orí kẹta, ẹsẹ kọkànlá, níbi tí a ti ń kìlọ̀ ìwà fún àwọn obìnrin ìjọ. Àwọn olùtúmọ̀ kò kọ Èṣù síbẹ̀. Asọ̀rọ̀-ẹni-lẹ́yìn ni wọ́n lò, nítorí pé ohun tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà àti ohun tí ó kángun sí i kò gba nǹkan mìíràn. Àwọn fúnra wọn mọ̀, nígbà náà, pé ọ̀rọ̀ kan lè ní ju ìtumọ̀ kan lọ.

A kò lè dá Crowther lẹ́bi tán. Ó fẹ́ orúkọ tí ará oko àti ará ìlú yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì rí i. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti ní ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Nínú Ifá, Èṣù ni ó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Ẹni tí ó rúbọ ni ó ń gbè, ẹni tí ó kọ̀ tí kò rú ni ojú rẹ̀ ń rí màbo. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń bọ Èṣù ti ń gbọ́ orúkọ òrìṣà wọn gẹ́gẹ́ bí èébú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá bi nínú ìdánwò pé ta ni Èṣù nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, tí ó wá fi ìdánwò Jésù nínú aginjù dáhùn, ohun tí a kò bi í ni ó sọ.

Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹ̀kọ́ tí a ń fi ìwé jà lé lórí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Agbówó dojú kọ, tí Bódìjà sì wà nítòsí rẹ̀, ni Bọ́lájí Ìdòwú ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde ní 1962. Ó sọ ọ́ gbangba pé Èṣù kì í ṣe ẹni ibi tí Májẹ̀mú Titun ń sọ. Bí a bá fẹ́ fi í wé ẹnì kan nínú Bíbélì, Sàtánì inú ìwé Jóòbù ni ó súnmọ́ ọn. Àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ni Ìdòwú o, kì í ṣe babaláwo.

Ẹni tí ó bá ka orí kìn-ín-ní àti ìkejì Jóòbù pọ̀ yóò rí ohun tí ó rí. Sàtánì bá àwọn ọmọ Ọlọ́run wá síwájú Olúwa. A bi í níbi tí ó ti ń bọ̀, ó ní òun ń rìn káàkiri ayé. Kò fọwọ́ kan Jóòbù láìgba àṣẹ: lákọ̀ọ́kọ́, a ní kí ó má fọwọ́ kan ara rẹ̀, lẹ́yìn náà, a ní kí ó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Nínú èdè Hébérù pàápàá, orúkọ oyè ni, bí ìgbà tí a bá ń sọ pé alátakò náà. Ìránṣẹ́ ààfin tí ń yẹ ọmọ ènìyàn wò ni ó jọ. Lóòótọ́, kò gbé ẹbọ ẹnikẹ́ni dé ibì kankan, nítorí náà àfiwé ọ̀hún kò pé tán.

Síbẹ̀, ní orí méjèèjì yìí, níbi tí ìrísí rẹ̀ ti súnmọ́ ti Èṣù jù lọ, Sàtánì ni Bíbélì Yorùbá kọ. Inú Májẹ̀mú Titun, níbi tí ó ti di ọ̀tá Ọlọ́run pátápátá, ni wọ́n ti pè é ní Èṣù.