Ìlẹ̀kùn Ògògà àti Ọmọdé Tí Ń Wò Ó

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ gùn. Bí ọmọ Ìgbàrà-Odò kan bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọnà tí ó lókìkí jù lọ tí a ṣe fún ààfin ní agbègbè rẹ̀, kì í ṣe Ìkẹ́rẹ́ tí ó múlé tì í ni yóò lọ, Lọ́ńdọ̀nù ni. Kí ni ó yẹ kí àgbàlagbà tí ó mú ọmọ náà lọ́wọ́ sọ fún un nígbà tí wọ́n bá dúró níwájú rẹ̀?

Ọlọ́wẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó fi ṣe ilé, ibẹ̀ ni ó sì ti di oníṣẹ́ ọba lọ́dọ̀ Arínjalẹ̀. Àwọn ọba mìíràn gbọ́ òkìkí rẹ̀, wọ́n ń ránṣẹ́ pè é, títí ó fi kú ní ọdún 1938. Láàrin ọdún 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Apá kan ìlẹ̀kùn tí mo ń wí yìí fi Ògògà hàn lórí ìtẹ́, adé ní orí rẹ̀, ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀. Apá kejì fi ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó kan hàn, Ambrose, ẹni tí ó wá kí Ògògà ní àyíká ọdún 1900. Àwọn aláàárù gbé e rù lórí ìjókòó rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ère wọ̀nyí lẹ̀ mọ́ pákó. Orí àti èjìká wọn yọ síta débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tọ ènìyàn wá.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ohun tí ó gbà ni pé kí wọ́n fi ìtẹ́ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ṣe di ti ilé-ìṣẹ̀m̀báyé, tí ìtẹ́ sì di ti ààfin.

Mo ti gbọ́ kí àwọn olùkọ́ kan sọ fún ọmọ pé ńṣe ni wọ́n jí i gbé. Wọn kò jí i gbé. Ti Bìní ní ọdún 1897, nígbà tí ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ìlú tí wọ́n sì kó ẹrù ààfin lọ, ọ̀tọ̀ ni. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, a ti gba ọgbọ́n Ògògà lọ́wọ́ rẹ̀, a sọ ọ́ di ẹni tí a kàn já nǹkan gbà mọ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, èmi kò ní sọ fún ọmọ pé pàṣípààrọ̀ náà dọ́gba. Ọba tí ó wà lábẹ́ ìjọba ẹlòmíràn kò ní gbogbo ẹnu tí ó fi lè sọ pé rárá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbọ́ àlàyé méjèèjì nígbà kan náà. Àwa àgbà ni ó máa ń ṣòro fún.

Ọ̀rọ̀ igi tún wà níbẹ̀. Nínú ààfin, òjò ń pa òpó, ikán ń jẹ ìlẹ̀kùn. Bí ó bá gbó, wọn a pe ọlọ́nà kí ó gbẹ́ òmíràn. Ikán kò lè dé ibi tí ìlẹ̀kùn yìí wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń ṣí i wọlé mọ́.

Nígbà tí mo mú ọmọ-ọmọ mi méjì lọ wò ó, mo pinnu pé n kò ní ka ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó wò ó tán. Àbúrò, ọmọ ọdún mẹ́fà, tọ́ka sí Òyìnbó náà: "Bàbá àgbà, kí ló dé tí wọ́n gbé e bí ọmọ ọwọ́?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọba kò tilẹ̀ dìde fún un. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé ńlá lórí ìlẹ̀kùn yìí, èmi kò sì rò pé púpọ̀ nínú wọn ríran ju àwọn méjèèjì lọ: àlejò ni ẹni tí a gbé wá, onílé ni ẹni tí ó jókòó.

Àwa náà ní ilé-ìṣẹ̀m̀báyé. Ti Èsìẹ́, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i. Ti Oníkan ní Èkó, ọdún 1957. Ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé bá kó ọmọ lọ sí irú ibẹ̀, wọn a tò wọ́n, wọn a sáré kọjá níwájú ọgọ́rùn-ún ère, àwọn ọmọ a sì máa da ohun tí a kọ sí ara gíláàsì kọ sínú ìwé wọn. Ère kan ṣoṣo tó fún òwúrọ̀ kan.

Kí ẹ sì mú oríkì dání. Ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ṣì wà láàyè, John Pemberton sì gba oríkì ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Ìyá náà ka àwọn ìlú tí iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ wà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kò sì gbàgbé èyí tí wọ́n gbé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.