Àwọn Sójà Orí Kẹ̀kẹ́

Kí ẹ tó to kẹ̀kẹ́ tuntun tí ẹ fẹ́ fi rin ọ̀nà jíjìn, ẹ gbọ́ ohun tí ogún sójà aláwọ̀ dúdú ṣe ní 1897. Ọmọ ẹgbẹ́ ogun 25th Infantry ni wọ́n, lára àwọn Buffalo Soldiers tí ilé ìrántí wọn wà ní Houston wa níbí.

Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ láti Missoula ní Montana dé St. Louis: máìlì 1,900, ọjọ́ 41. Akáǹtáǹtì ni mí, mo ti ṣírò rẹ̀: ó lé ní máìlì 46 lóòjọ́!

Igi ni wọ́n sábà fi ń ṣe ríìmù nígbà náà. Ọ̀gá wọn, James Moss, ní kí Spalding fi irin ṣe tiwọn. Wọ́n di ìbọn, oúnjẹ àti aṣọ ìbora mọ́ kẹ̀kẹ́. Síbẹ̀, ẹrẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ táyà títí kò fi ní yí mọ́. Wọn a sì yà gba ojú irin rélùwéè.

Mingo Sanders wà lára wọn, ẹni tí ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa. Ní 1906, wọ́n fẹ̀sùn ìbọn yíyìn kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ní Brownsville, ní Texas wa yìí. Láìgbẹ́jọ́, Ààrẹ Roosevelt lé 167 nínú wọn kúrò, Sanders pẹ̀lú, láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Ọdún 1972 ni wọ́n tó dá wọn láre. Sanders ti kú láti 1929.