Níbo Ni Ẹnu Ọ̀nà Omi Wà?

Ọ̀rẹ́ mi kan wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sátidé kan pẹ̀lú ìwé gbàgàdà kan tí ó ká bí ẹní sí abẹ́ abíyá. Ọmọ Ìlàjẹ ni, Àkúrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fi ilé tí yóò kọ́ sí abúlé wọn yangàn fún wa. Pláànì ilé náà ló gbé dé. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó fi ife tíì tẹ igun kan, ó fi àṣíborí rẹ̀ tẹ igun kejì. Pálọ̀ ńlá, yàrá mẹ́rin, ilé ìdáná nínú ilé, balùwẹ̀ mẹ́ta, géréèjì. Mo bi í pé, “Géréèjì kẹ̀? Ní abúlé tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé èèyàn débẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó yà á l'Ákùúrẹ́ kò bi òun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ géréèjì ló gbé e wá. Ó ti kọ́kọ́ mú ìwé náà lọ fi han ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ìyá arúgbó tó tọ́ ọ dàgbà. Ìyá náà kò mọ̀wé. Wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ mi máa fi ìka tọ́ka sí yàrá kọ̀ọ̀kan kó sì máa sọ ohun tó jẹ́ fún àwọn. Nígbà tó tọ́ka tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá bi í: “Níbo ni ẹnu ọ̀nà omi wà?”

Ọ̀rẹ́ mi kò rí èsì fọ̀. Èmi náà tí wọ́n bí sí òkè, níbi tí omi kì í ti í ju ti inú ìkòkò àti ti odò ẹ̀yìn ilé lọ, ìbéèrè náà kò yé mi. A pinnu pé a óò jọ lọ. Ohun tí mo rí lọ́hùn-ún, àti ohun tí mo ti kà nípa ibẹ̀, ni mo fẹ́ sọ fún yín lóṣù yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí èèyàn bá kúrò ní Òkìtìpupa, títì yóò gbé e dé Igbókọ̀dá, ibẹ̀ sì ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996. Láti Igbókọ̀dá, omi ló kù. Ọkọ̀ onímọ́tò yóò máa sáré gba àárín koríko àti igbó ẹ̀gbà, títí ìró òkun yóò fi dé etí. Ẹni tó bá ti rí etí òkun Èkó yóò rò pé yanrìn funfun ni yóò rí. Rárá o. Ẹrẹ̀ ni etí òkun Màhín. Ẹrẹ̀ dúdú tó rọ̀, tí èèyàn lè rì sí dé orúnkún. Ẹ sì má fojú di ẹrẹ̀ náà o, torí ní 1885, oníṣòwò ará Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní Gaiser bá Amapetu, ọba Màhín, ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etí òkun yìí. Kí ọdún náà tó parí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bá Jámánì dúnàá-dúrà, wọ́n sì ti gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Lórí irú ilẹ̀ báyìí, ta ni yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀ bí a ti ń gbẹ́ ẹ n'Íbàdàn? Òpó ni àwọn baba Ìlàjẹ ń rì mọ́lẹ̀. Igi ẹ̀gbà tí omi iyọ̀ kì í tètè jẹ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á rì í wọ inú ẹrẹ̀ títí yóò fi le, wọ́n á tẹ́ pákó tàbí ọ̀pá ògùrọ̀ lé e lórí, wọ́n á fi ọ̀pá ògùrọ̀ kan náà ṣe ògiri, wọ́n á sì fi imọ̀ rẹ̀ bo òkè. Igi ògùrọ̀ kan náà ló ń fún wọn ní ẹmu. Ẹ ò rí i pé Olódùmarè ò gbàgbé wọn.

Ìgbà tí a gúnlẹ̀ ni ìbéèrè ìyá arúgbó yé mi. Ilé Ìlàjẹ ní ojú méjì. Ojú kan kọjú sí afárá pákó tí àwọn ará ìlú ń rìn kọjá, ẹnu ọ̀nà àlejò nìyẹn. Ojú kejì kọjú sí omi, ibẹ̀ sì ni ilé gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ẹja ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni àwọ̀n ń gbà jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gbà kí olè má baà gbé e lóru. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, ẹnu ọ̀nà omi ni wọ́n ń gbé e gbà lọ sí ọsibítù. Ilé tí kò ní ẹnu ọ̀nà omi dà bí ilé Ìbàdàn tí wọ́n mọ ògiri dí ojú títì rẹ̀.

Ìyá náà mú mi yí ilé wọn ká. Ẹni ọdún tó ju ọgọ́rin lọ, wọ́n ń rìn lórí pákó bí ọmọdé, èmi ni mo ń di nǹkan mú. Mo béèrè ìdí tí ilé ìdáná fi dá dúró lẹ́yìn, tó jẹ́ pé afárá kékeré ló so ó mọ́ ilé. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, níbo ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá?” Mo na ọwọ́ sí òkun. Wọ́n ní, “Ṣé o ti rí i.” Láti ojú òkun ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ lọ sí òkè. Bí ilé ìdáná bá wà ní ìhà òkun, gbogbo ẹ̀ta iná ni yóò máa fò sórí ilé, pákó àti imọ̀ sì ni ilé. Iná kan lè jó odindi abúlé. Nítorí náà, ilé ìdáná ní láti wà níbi tí atẹ́gùn yóò ti máa gbé èéfín lọ. Wọ́n á tẹ́ amọ̀ nípọn sórí pákó kí wọ́n tó gbé àdògán lé e, pẹpẹ ìyan ẹja yóò sì wà lókè iná. Mo rántí ilé tí èmi fúnra mi ń gbé n'Íbàdàn, níbi tí kápẹ́ńtà fi fèrèsé ilé ìdáná kọjú sí yàrá mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń sùn nínú òórùn ata díndín.

Lẹ́yìn náà ni omi mímu. Omi yí wọn ká, ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Òjò ni wọ́n gbójú lé. Láti ìgbà tí páànù ti dé, òrùlé ti di kànga wọn. Ẹni tó bá ń ya pláànì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òrùlé yóò dà sí, kó sì fi àyè àgbá sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú pláànì ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yìn géréèjì ni omi òjò ń dà sí.

Kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ní Ìlàjẹ kó má dé Ayétòrò. Ní oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọ́n ti inú Kérúbù àti Séráfù jáde lọ tẹ̀ ẹ́ dó sí etí òkun. Wọ́n ti ń wàásù lòdì sí pípa ìbejì àti àwọn àṣà ìbílẹ̀ mìíràn, inúnibíni sì pọ̀ lórí wọn. Wọ́n pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Ọba wọn àkọ́kọ́ ni Ethasomo, Ogeloyinbo ni oyè rẹ̀. Ohun gbogbo ni wọ́n fi ṣe àjùmọ̀ní: ọkọ̀, àwọ̀n, ẹja, owó. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó oṣù. Ìjọ ló ń bọ́ ọ, ìjọ ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ.

Nítorí náà, pláànì ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ yà, kì í ṣe ti ilé. Afárá pákó gbọọrọ ló dúró bíi títì láàárín ìlú, ilé orí òpó sì tò sí ọ̀tún àti òsì. Nígbà kan, àwọn ọkùnrin ní apá tiwọn, àwọn obìnrin ní tiwọn, tọkọtaya kì í sì í gbé pọ̀. Ẹ wá fi ojú oníléekíkọ́ wò ó. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní ẹrù tirẹ̀ nínú, kí ló fẹ́ fi yàrá ìkẹ́rù ṣe? Bí ìlú bá ń se oúnjẹ pọ̀, kí ni ààrò ẹnìkọ̀ọ̀kan wà fún? Àwọn tí kò fẹ́ràn wọn ń sọ pé wọ́n ti ba ẹbí jẹ́. Èmi ò lè dá wọn lẹ́jọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láàárín ọdún díẹ̀ wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, tí wọ́n ti ń hun aṣọ, tí wọ́n ti ń ṣe bàtà, wọ́n sì ní búrẹ́dì tiwọn. Iná mànàmáná wọn ti ń tàn ní nǹkan bí 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní òkè ṣì ń tan àtùpà. Àwọn èèyàn ń ti ìlú òyìnbó wá wò wọ́n. Stanley Barrett, onímọ̀ ará Kánádà, gbé láàárín wọn, ó sì kọ ìwé lé wọn lórí tó jáde ní 1977.

Ọba Ethasomo wàjà ní 1966. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kí oníkálùkù máa dá òwò tirẹ̀ ṣe. Àtìgbà náà ni ilé ti ń padà di ilé: yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, ààrò tó ní ìyàwó ilé, ibi ìkẹ́rù. Bí ẹnì kan bá ní kí n sọ ìtàn Ayétòrò láìsọ ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀sìn rárá, kọ́kọ́rọ́ ni ǹ bá fi sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n òkun kò bìkítà fún kọ́kọ́rọ́. Ó ti ju ogún ọdún lọ báyìí tó ti ń jẹ ìlú náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ti lọ, ilé ẹ̀kọ́ lọ, àwọn ibi tí àwọn àgbà ti ṣeré lọ́mọdé ti wà lábẹ́ omi níbi tí ọkọ̀ ti ń kọjá. Iṣẹ́ ìdènà òkun tí àjọ NDDC gbé jáde ní 2004 kò dènà ohunkóhun. Ẹrẹ̀ rírọ̀ kò lè bá ìgbì jà bí yanrìn tó ga ti lè ṣe, àwọn tó ń wa epo sì ti la ọ̀nà omi gba inú igbó ẹ̀gbà.

Ibi tí pláànì ọ̀rẹ́ mi ti bà mí lẹ́rù gan-an nìyí. Bíríkì àti kọnkéré ló fẹ́ lò. Gbogbo sìmẹ́ǹtì àti yanrìn náà, ọkọ̀ ni yóò kó o láti Igbókọ̀dá, owó ọkọ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọjà. Ẹrẹ̀ yóò máa fà á rì. Bí wọ́n bá fi omi iyọ̀ po kọnkéré, irin inú rẹ̀ yóò dípẹtà, ògiri yóò là. Èyí tó wá burú jù ni pé bí òkun bá dé, ilé kọnkéré kò lè sá. Ilé pákó lè sá. Ìyá arúgbó sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tú ilé tí mo dúró nínú rẹ̀ yìí. Wọ́n á tú páànù, wọ́n á tú pákó, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀, wọ́n á lọ rì òpó tuntun sẹ́yìn. Òpó nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún òkun.

Kì í ṣe gbogbo ilé orí omi ló ń pẹ́ o. Ní Màkókó l'Ékòó, níbi tí Ìlàjẹ àti Ègùn jọ ń gbé, Kúnlé Adéyẹmí tó jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ayàwòrán ilé kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń léfòó lórí àgbá ní 2013. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún un. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, òjò ńlá kan rọ̀, ó wó. Àwọn ilé olópòó tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ganvié náà, lórí ọ̀sà Nokoué ní ilẹ̀ Benin, orí òpó ni wọ́n ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi mú pẹ́ńsùlù. Ó pa géréèjì rẹ́. Ó yọ ilé ìdáná jáde síta, sí ìhà òkè, ó fi afárá kékeré so ó. Àriyànjiyàn dé lórí yàrá mẹ́rin. Ìyá ní méjì tó, kí yàrá kẹta jẹ́ gbọ̀ngàn tí èèyàn lè tẹ́ ẹní sí nígbà òkú tàbí ìgbéyàwó, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fi pákó kún un. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣé ẹ̀yin ò wá ní bá mi lọ sí Igbókọ̀dá ni, kí n kọ́ ilé gidi síbẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti le? Ìyá dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ta ni yóò máa mójú tó ibojì bàbá rẹ?” Ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Òun àti èmi mọ̀ pé ibojì náà kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ sí etí omi mọ́.

Láàárọ̀ kí a tó wọ ọkọ̀, ìyá pè wá sí abẹ́ ilé. Àmì mẹ́ta ló wà lára òpó, tí wọ́n fi ọ̀bẹ họ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ibi tí omi dé ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ilé náà síbẹ̀. Èyí tó wà lókè dé àyà mi. Ọ̀rẹ́ mi fi okùn wọ̀n ọ́n, ó so okùn náà ní kókó níbi tó dé, ó ká a sínú ìwé pláànì rẹ̀ láti mú un lọ fún ẹni tó ń yàwòrán l'Ákùúrẹ́.