Ta Ni Yóò Gba Kọ́kọ́rọ́ Gbọ̀ngàn Ijó?

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Níbi ìdágbére ni a ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí: ọ̀rẹ́ méjì tí iṣẹ́ ti yà nípa, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó tú ká nígbà tí ìgbéyàwó àti ìṣípòpadà dé. Ẹni tó bá pa á ń fi tu ara rẹ̀ nínú ni, pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ òwe náà wò dáadáa. Kò sọ pé eré parí. Àwọn ọmọdé ló ń bá wí. Wọn yóò dàgbà, wọn yóò lọ; eré òṣùpá tí wọ́n fi sílẹ̀ lójúde, àwọn mìíràn ń bọ̀ wá ṣe é, bí ẹnì kan bá ti fi orin rẹ̀ kọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ijó ti ń forí ṣánpọ́n ni “bí ẹnì kan bá” yẹn.

Ìlú Oǹdó ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Kí Obìtun tó di ijó orí ìtàgé, ayẹyẹ ọmọbìnrin tó ń kúrò lọ́mọdé ni. Àwọn ìyá àti ìyá àgbà ló ń ṣètò rẹ̀ nínú agbo ilé, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lára ọmọ àti orin lẹ́nu àwọn obìnrin. Ẹnikẹ́ni kì í yan alága, kò sì sí pé a ń gbé ìwé ètò lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n ṣe é fún lónìí ni yóò ṣe é fún ọmọ tirẹ̀ lọ́la, nítorí náà ẹni tó ń gbà á ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi lé e lọ́wọ́. Ìgbà tí ẹ̀sìn tuntun àti ilé-ìwé fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ agbo ilé kò ṣe ayẹyẹ náà mọ́, ni okùn yẹn já. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, àwọn oníjó ìjọba ìpínlẹ̀ ló wá ń gbé Obìtun kiri, òun àti ijó bírípo ti àwọn Ìlàjẹ. Ohun tí ìyá ń ṣe láìgba kọ́bọ̀ di iṣẹ́ olówó oṣù. Kò burú rárá. Àwọn ni kò jẹ́ kí ijó náà wọgbó. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó kọ́ ọ fún ìdíje kan lè mọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ láìmọ ìdí tí a fi ń jó o. Ìgbésẹ̀ kì í nira láti fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ohun tó yí ìgbésẹ̀ ká ni iṣẹ́.

Ẹ wo kíláàsì ijó àdúgbò ní ọjọ́ Sátidé, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n ti wọ́ àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, bàtà àwọn ọmọ wà ní wúruwùru lẹ́nu ọ̀nà, onílù méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, obìnrin kan sì wà níwájú tó ń pàtẹ́wọ́ tó ń ké sí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Obìnrin yẹn mọ ọlọ́dẹ tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí a kò bá fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí onígángan lálẹ́ Jímọ̀, kò ní wá. Ó mọ ọmọ tí èémí rẹ̀ máa ń há, àti bàbá tí kò fẹ́ kí ọmọ òun jó ohunkóhun tó bá jọ ti òrìṣà. Ó mọ iye tí wọ́n ṣì jẹ télọ̀. Orí rẹ̀ àti fóònù rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá rí iṣẹ́ sí Àbújá, wọ́n á ṣe àpèjẹ ìdágbére: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, fọ́tò, àwo àmì-ẹ̀yẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tuntun á dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú ọmọ ogún lẹ́yìn, yóò máa wá ọlọ́dẹ kiri.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré nìkan ni èyí ń bá. Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944, ó sì fi àwọn ìyàwó àti ọmọ ṣe òpó ẹgbẹ́ rẹ̀. Ètò náà ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní 40 ọdún, ẹnikẹ́ni kò lè bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ ní kó kó òṣèré àti oníjó jọ fún ìdíje Commonwealth ní Edinburgh. Nàìjíríà kò lọ mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní South Africa, ṣùgbọ́n àwọn tó kó jọ ló di Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-èdè. Ògúndé kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990. Bayo Oduneye gba ẹgbẹ́ ti ìjọba ní 1991, Ahmed Yerima sì gbà á lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ipò ti wà nílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè jókòó sí. Ẹgbẹ́ ti ìdílé kò padà sí bó ṣe wà mọ́. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ipò ibẹ̀.

Ẹni tó mójú tó ọ̀rọ̀ yìí jù, obìnrin ni. Germaine Acogny, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Benin ní 1944, tí ìyá àgbà rẹ̀, Aloopho, jẹ́ abọ̀rìṣà Yorùbá, Senegal ló dàgbà sí. Ní 1977 ó di olùdarí Mudra Afrique, ilé-ẹ̀kọ́ ijó tí Ààrẹ Senghor ti Senegal àti ọ̀gá oníjó Maurice Béjart dá sílẹ̀ ní Dakar. Senghor fi ipò sílẹ̀ ní òpin 1980. Nígbà tó di 1982, wọ́n ti ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí irú èyí kò ní gbàgbé pé ètò tó bá rọ̀ mọ́ ọrùn ènìyàn kan, ibi tí ẹni náà bá gbà lọ ni yóò gbà.

Ṣáájú kí ilé yẹn tó wó ni Acogny ti kọ ọgbọ́n ijó rẹ̀ sínú ìwé, tó jáde ní 1980. Ó fún ìgbésẹ̀ lórúkọ, ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ́ orúkọ igi àràbà, kí olùkọ́ tó wà níbòmíràn lè pè é kí akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ṣe. Ní 1998 òun àti ọkọ rẹ̀ ará Jámánì, Helmut Vogt, dá École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw, abúlé apẹja kan ní gúúsù Dakar. Yanrìn ni ilẹ̀ gbọ̀ngàn ijó kan níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Patrick Acogny, bá a darí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní 2020, nígbà tí ìyá náà di ẹni ọdún 76 tí ara rẹ̀ ṣì le koko, ó fi ìdarí iṣẹ́ ọnà ibẹ̀ lé ọwọ́ àwọn méjì tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: Alesandra Seutin, tí wọ́n bí sí Zimbabwe, àti Wesley Ruzibiza, ọmọ Rwanda. Ẹ kíyè sí i pé ènìyàn méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Pé kò wo ti ẹ̀jẹ̀. Pé ó ṣì wà láyé tí wọ́n lè bi í léèrè. Òun náà kò sì kúrò nínú ijó. Ní 2021 ó gba àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní Venice, ó sì tún bá Malou Airaudo jó ijó ẹlẹ́ni-méjì lórí ìtàgé ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Àwa Yorùbá mọ bí a ṣe ń fún ọmọ iṣẹ́ ní frídọ̀ọ̀mù. A máa ń pa ẹran, ọ̀gá máa ń gbàdúrà, ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, á gba ìwé-ẹ̀rí, á sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ níbòmíràn. Ohun tí a kò ní ni frídọ̀ọ̀mù ti ọ̀gá: ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ yóò dúró sí ṣọ́ọ̀bù, tí ọ̀gá yóò sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ ijó kan ṣe ń di mẹ́ta lọ́dọ̀ọdún, tí èyí àkọ́kọ́ sì ń kú pẹ̀lú ẹni tó dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀wọ̀ kò ní dá a lábàá fún ìyá olùkọ́ pé kó sinmi. Ìyá fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń darí kíláàsì ijó ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, ẹ má dúró de ìgbà tí iṣẹ́ tàbí àìsàn bá gbé yín lọ. Ẹ yan ẹni méjì kí sáà yìí tó parí. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́dẹ, onílù àti télọ̀. Ẹ fi orúkọ wọn kún àwọn tó ń buwọ́ lùwé ní báńkì. Kí wọ́n darí kíláàsì fún oṣù mẹ́ta lójú yín, kí ẹ̀yin sì jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn òbí, kódà bí wọ́n bá yí orin tí ẹ fẹ́ràn jù padà.