KÒSỌ́KỌ́ ÀTI ÈBÚTÉ LẸ́KÍ: LÁTI OJÚ OGUN DÉ ABẸ́ ÌJỌBA, 1851–1872

Ojú méjì ni àwọn òpìtàn fi ń wo Kòsọ́kọ́. Àwọn kan rí i gẹ́gẹ́ bí olówò ẹrú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò lórí oyè. Àwọn mìíràn rí i gẹ́gẹ́ bí akọni tí ó kọ̀ láti tẹrí ba fún àjèjì. Òtítọ́ wà nínú èrò méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ṣàlàyé bí ọ̀tá ìjọba ṣe di ẹni tí ìjọba kan náà ń san owó fún lọ́dọọdún. Ohun tí ìwé yìí fẹ́ fi hàn ni pé etí òkun Lẹ́kí ni ó yẹ kí a ti wá àlàyé náà, kì í ṣe Ìgà Ìdúngànràn nìkan.

Ogun Olómirọ̀ ti ọdún 1845 ni ó gbé Kòsọ́kọ́ dé orí oyè, tí ó sì lé Akítóyè kúrò ní Èkó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, àwọn ará Èkó lé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà. Nígbà tí ó di ìparí oṣù Kejìlá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún dé pẹ̀lú agbára tí ó ju ti ìṣáájú lọ. Kòsọ́kọ́, Òṣóòdì Tápà tí í ṣe balógun rẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ènìyàn wọn gba ojú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1853, Kòsọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ogun gba Èkó padà, kò ṣeé ṣe. Èèkù mìíràn wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀: ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun. Ọkọ̀ ojú omi lè gbé epo pupa la ọ̀sà kọjá, kí àwọn alárù rù ú dé Palma àti Lẹ́kí, kí ọkọ̀ òkun sì gbé e lọ láì kan ibodè Èkó. Ẹni tí ó bá ní èbúté wọ̀nyí ní owó, ó sì lè dín owó Èkó kù.

Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mọ èyí. Nínú àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ti ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ gbà láti má du Èkó mọ́, ó sì kọ òwò ẹrú sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn gbà pé òun ni ó ni Palma, wọ́n sì ṣèlérí dọ́là 1000 fún un lọ́dọọdún, tàbí iye owó ẹyọ tí ó bá a mu. Èyí kì í ṣe àdéhùn ẹni tí a ṣẹ́gun pátápátá.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ọ̀rọ̀ yí padà. Owó ibodè ni ìjọba tuntun náà gbójú lé. Kò lè fàyè gba èbúté tí kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ní 1862, wọ́n jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, wọ́n sì fún un ní £400 lọ́dọọdún. Ní oṣù Kejì ọdún 1863, ó fi Palma àti Lẹ́kí lé wọn lọ́wọ́. Òṣóòdì bá a padà, ó sì tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó jèrè. Pòsú, tí ó ṣẹ́kù sí Ẹ̀pẹ́, kò gba ètò náà. Ní ọdún 1863 kan náà ni Glover kó ọmọ ogun lọ bá ìlú náà jà. Àwọn tí kò sí níbi àdéhùn ni ó san nínú gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, kò tọ́ kí a pe ìpadàbọ̀ Kòsọ́kọ́ ní ìtẹríba lásán, kò sì tọ́ kí a pè é ní ìṣẹ́gun. Ó ta ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì níye lórí. Títí ó fi kú ní 1872, kò padà sórí oyè. Ní 2023, nígbà tí wọ́n ṣí èbúté ńlá ti Lẹ́kí, ọkọ̀ òkun tún bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ ní etí òkun tí ó fi ṣòwò ìṣèlú rẹ̀.